Pípò àti Rírò: Ọ̀rọ̀-ìṣe Ìdáná Nínú Ìwé Oúnjẹ Ilé Kan ní Àjàṣẹ́

Ìkòkò amiwɔ kan tí kò dára ni ó fa iṣẹ́ yìí. Nígbà tí a fẹ́ ṣe ìrántí ọdún kan tí ìyá wa papò dà ní Àjàṣẹ́, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin takú pé a kò ní gbé oúnjẹ ọjọ́ náà fún alásè kankan. Ó ní oúnjẹ ìyá wa ni àlejò máa jẹ. Ó wọ yàrá lọ, ó mú ìwé àkọsílẹ̀ kan jáde, irú èyí tí àwọn ọmọ ilé-ìwé ń lò, tí òun fúnra rẹ̀ kọ ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn. Nígbà náà, a máa jókòó ti ìyá wa nínú ilé ìdáná. Ìyá wa á máa sọ̀rọ̀ ní Yorùbá, òun á máa kọ ọ́ sílẹ̀ ní Faransé. Kò sí ohun àjèjì nínú èyí fún ẹni tí ó bá mọ ìlú wa. Faransé ni wọ́n fi kọ́ ọ ní ìwé, Faransé sì ni ọwọ́ rẹ̀ mọ̀ ọ́n kọ.

A tẹ̀lé ìwé náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Amiwɔ náà kún fún kókó, bí a bá sì fọ́ kókó kan, ìyẹ̀fun gbígbẹ ni ó wà nínú rẹ̀. A sọ fún àwọn àlejò pé iná ni ó pọ̀ jù.

Lọ́jọ́ kejì, àbúrò ìyá wa, tí ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, tí kò sì gbọ́ Faransé, ní kí a ka ohun tí a tẹ̀lé sí òun létí. Ẹ̀gbọ́n mi ń kà á, ó ń túmọ̀ rẹ̀ bí ó ṣe ń lọ. Nígbà tí ó dé ibi tí a ti da ìyẹ̀fun sí i, màmá náà dá a dúró.

“Ìyá Ìbejì, èwo nínú ẹ̀? Ṣé pípò ni àbí rírò?”

Ẹ̀gbọ́n mi tún ìwé náà wò. “Màmá, *mélanger* ni mo kọ síbẹ̀.”

“Èmi ò mọ ìyẹn. Ìyá yín ò sì lè sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹ.”

Ìbéèrè màmá yìí ni mo fẹ́ tẹ̀lé nínú iṣẹ́ yìí. Kí ni ó já bọ́ láàárín ohun tí ìyá wa sọ àti ohun tí ẹ̀gbọ́n mi kọ? Ṣé a lè fi ohun tí a mọ̀ nípa gírámà Yorùbá rí i padà? Ìwé kan ṣoṣo ni mo ní, ìdílé kan ṣoṣo ni mo sì gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn, nítorí náà kí òǹkàwé má ṣe gbé ohun tí mo bá sọ lórí gbogbo Yorùbá Àjàṣẹ́, ká má tíì sọ gbogbo Yorùbá.

1. Orúkọ ń rìn, ọ̀rọ̀-ìṣe ń jókòó

Àjàṣẹ́ ni Yorùbá ń pe ìlú yìí, Xɔgbonu ni àwọn Gun ń pè é, orúkọ tí ó wà nínú ìwé ìjọba, Porto-Novo, sì jẹ́ ti àwọn Potogí. Ilé ìdáná wa rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Amiwɔ jẹ́ ọ̀rọ̀ Gun: *ami* ni epo, *wɔ* ni ọkà. (Mo kọ ọ́ láìfi àmì ohùn sí i, nítorí pé ohùn tí àwa ọmọ Yorùbá fi ń pè é kì í ṣe ti Gun pátápátá.) Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, ọkà àgbàdo ni, tí a fi omi ẹran, tòmátì, ata àti epo ṣe, tí ó sì pọ́n. Adìyẹ díndín ni a sábà máa ń fi jẹ ẹ́. Faransé ìlú wa ń pè é ní *pâte rouge*.

Orúkọ oúnjẹ kì í bẹ̀rù ààlà, kì í sì í bẹ̀rù òkun pàápàá. Àkàrà àti àkàsà wà ní Bahia títí di òní, *acarajé* àti *acaçá* ni wọ́n ń pè wọ́n níbẹ̀. Àwọn Àgùdà tí wọ́n padà dé láti Brazil náà gbé *feijoada* wá sí Àjàṣẹ́ àti Ouidah. Ní oṣù kìíní ọdún, nígbà ọdún Bonfim, ẹ ó rí i nínú àwo wọn. Ní Èkó, ẹ̀wà tí wọ́n fi omi àgbọn sè, tí wọ́n ń jẹ ní ọjọ́ Ẹtì ṣáájú Àjíǹde, ni wọ́n ń pè ní *frejon*, láti ara ọ̀rọ̀ Potogí kan náà tí ó túmọ̀ sí ẹ̀wà.

Ọ̀rọ̀-ìṣe kì í rìn báyìí. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé ọ̀rọ̀-ìṣe wa *jẹ* ni ó wà ní ìparí *acarajé*, láti inú igbe àwọn tí ń kiri àkàrà. Ṣùgbọ́n ní Bahia, kò sí ẹni tí ó tún ń gbọ́ ọ gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀-ìṣe. Ó ti wọ inú orúkọ, ó ti jókòó síbẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa pẹ̀lú, a gba amiwɔ lọ́wọ́ Gun, ṣùgbọ́n a kò gba ọ̀rọ̀-ìṣe rẹ̀. *A ro amiwɔ* ni à ń sọ. Ìdí nìyí tí mo fi rò pé inú ọ̀rọ̀-ìṣe ni ó yẹ kí a ti wá ohun tí ìwé ẹ̀gbọ́n mi sọnù.

2. Ohun tí *mélanger* bò mọ́lẹ̀

Àwọn onímọ̀ ti kọ̀wé lórí ọ̀rọ̀-ìṣe ìdáná tipẹ́. Lévi-Strauss gbé igun mẹ́ta ìdáná rẹ̀ jáde ní 1965. Adrienne Lehrer sì tẹ̀lé e ní 1969 àti 1972, tí ó fi ọ̀rọ̀-ìṣe ìdáná oríṣìíríṣìí èdè wé ara wọn: ṣé omi ni a lò, ṣé epo ni, ṣé iná nìkan ni? Yorùbá kò ṣòro láti tò lọ́nà yìí. *Sè* àti *bọ̀* jẹ́ ti omi. *Dín* jẹ́ ti epo. *Yan* àti *sun* jẹ́ ti iná láìsí omi, láìsí epo: à ń yan ẹ̀pà, à ń yan gàrí, à ń sun iṣu. Faransé ní *griller* fún méjèèjì yìí, mo sì máa padà sórí rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìtò yìí kò mú ọ̀rọ̀ tí ó da oúnjẹ wa rú, nítorí pé irú ooru ni ó ń wò, kò wo ohun tí ọwọ́ ń ṣe. Nínú ìwé ẹ̀gbọ́n mi, *mélanger* dúró fún ó kéré tán ọ̀rọ̀-ìṣe Yorùbá mẹ́ta: *pò*, *rò* àti *dà pọ̀*. Èyí tí ó kẹ́yìn rọrùn. Kí a kó nǹkan méjì sínú abọ́ kan ni. *Pò* àti *rò* ni ìjà wà láàárín wọn.

Ìyàtọ̀ tí ojú kọ́kọ́ rí ni iná. A kò nílò iná láti po nǹkan: à ń po ògì sínú omi tútù, ẹni tí ń kọ́lé náà sì ń po amọ̀. *Rò* ní tirẹ̀ ń béèrè iná àti ohun tí ń ki lọ́wọ́ ẹni, débi pé ó gba ọmọ orógùn àti agbára apá. Ìyàtọ̀ kejì jinlẹ̀ ju èyí lọ, inú àbọ̀ ọ̀rọ̀-ìṣe ni ó sì wà:

(1) a. Ó po ìyẹ̀fun.
    b. Ó ro ọkà.
    c. Ó fi ìyẹ̀fun ro ọkà.

Nínú (1a), ohun tí ó wà lọ́wọ́ wa kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ni àbọ̀. Nínú (1b), ohun tí iṣẹ́ náà bí ni àbọ̀. Kí a tó ro ọkà, kò sí ọkà nínú ìkòkò. Bí a bá fẹ́ dárúkọ ohun tí a fi ṣe é, *fi* ni yóò gbé e wọlé, bí (1c) ti fi hàn. Bẹ́ẹ̀ náà ni *tẹ ẹ̀bà* ṣe rí, tí a ń fi gàrí tẹ̀ ẹ́. *Gún* máa ń ṣe méjèèjì: a lè gún iṣu, a sì lè gún iyán, kò sí ẹni tí yóò bínú. (Kí akẹ́kọ̀ọ́ rántí pé ohùn ìsàlẹ̀ ọ̀rọ̀-ìṣe bíi *pò*, *rò* àti *sè* ń di ohùn àárín níwájú ọ̀rọ̀-orúkọ tí ó jẹ́ àbọ̀. Ìdí nìyí tí a fi ní *ro ọkà* ṣùgbọ́n *rò ó*.)

Ẹ wá wo gbólóhùn ẹ̀gbọ́n mi: *Ajouter la farine et mélanger.* Kí a da ìyẹ̀fun sí i, kí a sì dà á pọ̀. Ìyẹ̀fun nìkan ni a dárúkọ, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo sì ni. Nígbà tí a ní kí màmá sọ ọ́ bí ìyá wa ṣe ń ṣe é, ohun tí ó sọ nìyí:

(2) “O ó po díẹ̀ nínú ìyẹ̀fun náà sínú omi tútù. O ó dà á sínú omi ata tó ń hó. Tó bá ti ki díẹ̀, o ó fi èyí tó kù rò ó.”

*Èyí tó kù*. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta yìí ni kókó inú amiwɔ wa. Ọ̀nà méjì ni ìyá wa pín ìyẹ̀fun sí: apá kan fún pípò, tí yóò kọ́kọ́ di bí ẹ̀kọ mímu nínú ìkòkò, apá kejì fún rírò. Ìyẹ̀fun gbígbẹ tí ó bá bọ́ sínú omi tí kò tíì ki yóò di kókó. Èyí tí ó bá bọ́ sínú ohun tí ó ti ń ki yóò wọ inú rẹ̀ bí a bá ń rò ó. Nínú Yorùbá, kò sí bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe lè so méjèèjì pọ̀ di gbólóhùn kan, torí ọ̀rọ̀-ìṣe méjì ni, àbọ̀ wọn kò sì jọra. Nínú Faransé, *mélanger* tẹ̀lé *mélanger*, ó sì dà bíi pé a ń sọ ohun kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Ọmọ ilé-ìwé tí ó mọ̀wé ni ẹ̀gbọ́n mi. Ó yọ àsọtúnsọ kúrò.

3. Àbọ̀ tí kò gbọdọ̀ sọnù

Diane Massam àti Yves Roberge kọ àpilẹ̀kọ kan ní 1989 lórí bí ìwé oúnjẹ Gẹ̀ẹ́sì ṣe máa ń fi àbọ̀ sílẹ̀ níbi tí gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì lásán kò ti ní gbà á. Faransé ìwé oúnjẹ náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tí ẹ̀gbọ́n mi kọ fún ọ̀lẹ̀lẹ̀ rèé: *Laver les haricots, enlever la peau, ajouter piment et oignon, écraser.* Kí ni a ó lọ̀? Ṣé ẹ̀wà nìkan ni, tí ata àti àlùbọ́sà wà nínú rẹ̀ ní gígé? Àbí gbogbo rẹ̀ lápapọ̀? Kò sí ọ̀rọ̀ kankan níbẹ̀ tí ó lè sọ fún wa.

Yorùbá náà mọ bí a ti ń fi àbọ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ibi kan pàtó ni ó ti ń ṣe é:

(3) a. Ó ra ẹran sè.
    b. Ó ra ẹran, ó sè é.
    c. *Ó ra ẹran, ó sè.

Nínú àsínpọ̀ ọ̀rọ̀-ìṣe (3a), *ẹran* kan náà ni àbọ̀ fún *rà* àti *sè*, a kò sì tún un sọ. Bí gbólóhùn bá ti já, tí òmíràn bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ arọ́pò-orúkọ gbọ́dọ̀ wà. Fáwẹ́lì kan ṣoṣo ni ọ̀rọ̀ arọ́pò-orúkọ yìí, ẹ̀dà fáwẹ́lì ọ̀rọ̀-ìṣe náà sì ni: *sè é, rò ó, lọ̀ ọ́, yan án, gún un, dín in*. Ó kéré débi pé etí tí kò bá mọ Yorùbá yóò rò pé ẹni náà kàn ń fa ọ̀rọ̀ gùn ni. Etí ẹ̀gbọ́n mi gbọ́ ọ dáadáa, ọwọ́ rẹ̀ ni kò rí ibi tí yóò fi sí nínú Faransé. Fún ọ̀lẹ̀lẹ̀, màmá kò ronú rárá kí ó tó dáhùn: “O ó lọ̀ wọ́n pọ̀.” *Wọ́n* yẹn ti yanjú rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ *lọ̀ ọ́* ni, ẹ̀wà nìkan ni à bá lọ̀.

Ohun méjì mìíràn tún wà tí mo fẹ́ mẹ́nu bà. Àkọ́kọ́ ni *bien*, tí ó kún inú ìwé náà bí iyanrìn: *bien cuire, bien écraser, bien griller*. Lẹ́yìn *bien* kọ̀ọ̀kan, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ni màmá máa ń sọ: kí o sè é *jinná*, kí o lọ̀ ọ́ *kúnná*, kí o yan án *gbẹ*. Ọ̀rọ̀-ìṣe kejì nínú àsínpọ̀ yìí ni ó ń sọ ibi tí iṣẹ́ ti parí. *Jinná* kì í ṣe ìyìn. Ipò kan ni ó jẹ́ tí oúnjẹ ń dé, tí ojú lè rí tàbí kí ọwọ́ mọ̀.

Èkejì ni àkókò. Ìwé náà ní *20 mn* fún ata díndín. Kò sí aago nínú ilé ìdáná ìyá wa. Mo bi ẹ̀gbọ́n mi ibi tí ó ti rí ogún ìṣẹ́jú, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní olùkọ́ ìdáná àwọn sọ pé ìlànà oúnjẹ tí kò bá ní àkókò kò pé, òun sì wo aago ọwọ́ òun. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni, iná kan ṣoṣo, igi gbígbẹ tàbí igi tútù, a kò mọ̀. Ohun tí ìyá wa máa ń sọ ni *tí epo bá ti léfòó*. Nínú (2) pẹ̀lú, *tó bá ti* ni aago. Gbogbo ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni ó so mọ́ ohun tí èyí tí ó ṣáájú rẹ̀ bá dà.

4. O tàbí ẹ

A pinnu láti kọ ìwé náà sílẹ̀ ní Yorùbá kí màmá tó gbàgbé, tàbí, kí n má purọ́, kí òun náà tó lọ. Ìjà méjì ni ó jáde.

Ti àkọ́kọ́ jẹ́ ti àkọtọ́. Láti 1975 ni orílẹ̀-èdè Benin ti ní álífábẹ́ẹ̀tì kan fún àwọn èdè rẹ̀, tí wọ́n sì tún yẹ̀ wò ní 1990. Nínú rẹ̀, *ɛ* àti *ɔ* ni Yorùbá ń lò dípò *ẹ* àti *ọ*, *sh* dípò *ṣ*, *kp* dípò *p*. Òun ni ẹ̀gbọ́n mi kọ́ ní kíláàsì mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà. Èmi ní tèmi, ìwé tí ó wá láti Nàìjíríà ni mo fi kọ́ Yorùbá kíkà, mo sì fẹ́ kí ìwé wa jọ wọ́n. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tí ó kéré jù, ọmọ ọdún mọ́kànlá, ni ó dá ẹjọ́ náà láìmọ̀. A gbé ẹ̀dà tèmi fún un kí ó kà á. Nígbà tí ó dé *po díẹ̀ nínú ìyẹ̀fun*, ó pe *po* bí *pot* ti Faransé, tí í ṣe ìkòkò, ó sì bi wá pé ìkòkò wo ni. Nígbà tí a kọ ọ́ ní *kpo díɛ̀ nínú ìyɛ̀fun*, kò kọsẹ̀. Àkọtọ́ Nàìjíríà ni mo lò nínú iṣẹ́ yìí nítorí àwọn òǹkàwé wa ní òdìkejì ààlà. *Kp* ni ó wà nínú ìwé ilé wa.

Ìjà kejì ṣòro díẹ̀. Faransé ìwé oúnjẹ kì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. *Laver, écraser, ajouter*, kò sí olùwà níbẹ̀. Yorùbá gbọ́dọ̀ mọ ẹni tí ó ń bá sọ̀rọ̀. *O ó* ni ìyá wa máa ń sọ fún wa, torí ọmọ rẹ̀ ni wá. Mo ní kí a kọ *ẹ ó*, nítorí a kò mọ ẹni tí yóò kà á lọ́la. Ẹ̀gbọ́n mi fàáké kọ́rí. Ó ní bí a bá yí i sí *ẹ*, kì í ṣe ìyá wa ni ó ń sọ̀rọ̀ mọ́. Mo jẹ́ kí ó borí.

Jack Goody, nínú ìwé rẹ̀ ti 1977, ka ìlànà oúnjẹ mọ́ irú ọ̀rọ̀ tí ìkọ̀wé bí, bíi àkójọ àti tábìlì. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ fún ìwé àkọ́kọ́ ẹ̀gbọ́n mi. Ohun tí ọmọ yìí ń fi ìwé kejì ṣe yàtọ̀. Kì í dáná; kò tíì sè ju ẹyin lọ. Ṣùgbọ́n bí ó bá di alẹ́, yóò jókòó ti màmá, yóò ṣí ìwé náà, yóò sì máa kà á sókè bí ẹni ń pàlọ́, oúnjẹ kan lálẹ́ kan, nígbà mìíràn méjì. *Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀*, ìwé tí Fágúnwà kọ ní 1938, wà lórí pẹpẹ wa; èmi ni mo rà á fún un, kò ì tíì kọjá ojú ewé kejì. Ìlànà ọ̀lẹ̀lẹ̀ ni ó fẹ́. Màmá a máa dá sí i, a máa sọ pé ibẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀, ọmọ náà á sì fi pẹ́ńsùlù ṣe àtúnṣe.

Alẹ́ àkọ́kọ́ ni mo ṣàkíyèsí nǹkan kan. *O ó* ni ó wà nínú ìwé, *ẹ ó* ni ọmọ náà ń kà. Kò sí ẹni tí ó ní kí ó ṣe é. Ó ń wo ojú ìwé, ó ń wo màmá, kò sì lè ṣí ẹnu sọ fún ẹni ọgọ́rin ọdún pé *o ó lọ ata*. Ó yí gbogbo rẹ̀ padà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìṣe àṣìṣe kan, ó ń sọ *kó o* di *kẹ́ ẹ*, ó ń sọ *tó o bá* di *tẹ́ ẹ bá*. Mo ti kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ní ọ̀rọ̀ arọ́pò-orúkọ ọ̀wọ̀ fún ọdún púpọ̀, n kò rí àpẹẹrẹ tí ó tó èyí rí.

Ibì kan ṣì wà tí a kò lè tún ṣe. Lójú ewé tí ó kẹ́yìn, fún ọbẹ̀ ẹja tí ìyá wa máa ń sè ní òpin ọdún, ẹ̀gbọ́n mi kọ *griller le poisson*. Yíyan ni, àbí sísun? Ẹ̀gbọ́n mi rántí òórùn èéfín, ó ní yíyan ni. Màmá ní ìyá wa kì í ní sùúrù yíyan, àfi kí ó sun ún lórí ẹyin iná kí ó sì gbé e sọ sínú ọbẹ̀. Mo gbìyànjú láti rí ẹ̀rí nínú ìyókù gbólóhùn náà, ṣùgbọ́n kò sí àbọ̀ tí ó lè ràn mí lọ́wọ́. Ẹja ni ẹja, bóyá a yan án tàbí a sun ún. A fi àyè sílẹ̀ níbẹ̀, ìwọ̀n ọ̀rọ̀ kan. Bí ọmọ náà bá kà á débẹ̀, “ẹ ó yan án tàbí kẹ́ ẹ sun ún” ni ó máa ń sọ, á sì máa kà á lọ.